Ọdún tí Bọ̀dá Gbádé Béèrè Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rù ilẹ̀kùn yàrá kan ń bà mí nínú ilé tí à ń gbé ní Ṣómólú. Kò sí ohun tí ilẹ̀kùn yẹn fi yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún bíi tiwa, kọ́tìnì olódòdó kan sì wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa jẹ́ irú èyí tí yàrá ń kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan là wọ́n láàárín, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé, àfi kó gba iwájú ilẹ̀kùn náà kọjá. N óò dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, n óò tẹ́tí bóyá mo máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni n óò sáré kọjá bí ẹni tí òjò ń lé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kò nà mí rí, kò sì bú mi rí. Òun gan-an ló kọ́ mi ní orin.

Bọ̀dá Gbádé ni gbogbo ọmọdé inú ilé ń pè é. Iṣẹ́ orin ló ń ṣe, kò sì níṣẹ́ mìíràn. Ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Palmgrove, ó ń tẹ̀ ẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Obanikoro, ó sì ń lọ kọ́ àwọn ọmọ méjì kan nílé wọn. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀, ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà. Yàrá wọn ló tẹ̀ lé tiwa, ògiri kan ṣoṣo ló pín wa níyà, nítorí náà orin rẹ̀ ló máa ń jí mi kí ìyá mi tó pè mí. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa gbé ohùn náà lọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àkàsọ̀, á sì tún máa sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò gbọ́ àdúrà Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi tó wá bá wa gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò máa dárúkọ wa fún Ọlọ́run bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì. Tó bá yá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní òdìkejì òpópónà á jí, gbì-gbà, gbì-gbà, àwọn àwo á sì máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn íǹkì máa ń bá a wọlé, kérosíìnì ló sì fi ń fọ ọwọ́ kó tó jókòó ti ẹ̀bà rẹ̀. Màmá Àgbà máa ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá òórùn ọbẹ̀ lòun ń gbọ́ ni àbí ti àtùpà.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ Bọ̀dá Gbádé kò ní ìtàn púpọ̀ nínú. Mo ti iléèwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́bàá kọ́tìnì rẹ̀, mo ń gbọ́ orin tó ń tẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ kọ́tìnì, ó ní kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà wọlé. Ó gbé mi jókòó, ó fi ìka mi sí ibi tó yẹ, ó ní kí n má ṣe tẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, kí n ṣe é bí ẹni di ẹyin mú. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi dòdò méjì fún mi lórí ìdérí ìkòkò. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti bọ́ aṣọ iléèwé, tí mo gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo sì ti fọ abọ́, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Odidi ọdún méjì ló fi kọ́ mi, kò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó rò ó pé àwọn ọmọ méjì yòókù tó ń lọ kọ́, wọ́n ń sanwó.

Ìyá mi ń kọ́ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni eré orí ìtàgé. Inú ìwé àjákọ ló ń kọ eré rẹ̀ sí, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, bó bá sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, gàrí tútù ni gbogbo wa ń mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló kó ẹgbẹ́ eré kan jọ ládùúgbò: onígbàjámọ̀ kan tó máa ń ṣe ọba, nọ́ọ̀sì kan, àwọn tíṣà bíi tirẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gba gbọ̀ngàn kan lápá Bariga, tí èèyàn á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bọ̀dá Gbádé ló ń fi orin tì wọ́n lẹ́yìn, ọdún mẹ́ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbowó. Owó tí wọ́n bá rí lẹ́nu géètì, gbọ̀ngàn àti àga ló ń gbé e lọ, tí ó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á fi ra bírò àti ìwé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú pálọ̀ wa, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti jókòó sí ibi tí wọ́n bá rí, èmi sì ń gbé omi fún wọn. Nígbà tí ìyá mi ti pín ipa tán, Bọ̀dá Gbádé dìde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ há a sórí. Ó ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa san nǹkan fún òun lọ́dún yìí. Ó ní ọjọ́ tí àwọn bá ń kọ́ eré lọ́wọ́, òun ń pàdánù iṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì sì ti mú ẹlòmíràn rọ́pò òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló ń gbowó nínú wọn. Ó ní ẹni tó ń ṣe ọba kò gbowó, nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ sáré wá kò gbowó, òun tí òun kọ eré, òun kò gbowó. Bí òun bá wá san fún ẹnì kan ṣoṣo, kí ni òun fẹ́ wí fún àwọn tó kù?

“Tíṣà, mi ò bá yín jà,” ni Bọ̀dá Gbádé wí. “Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ń gbowó. Ẹni tó ń yá wa ní àga ń gbowó. Ibi tí Dádì Morẹ́nikẹ́ ti ń tẹ ìwé ètò eré, ọ̀gá wọn ń gbowó. Gbogbo iṣẹ́ tí a lò ni a sanwó rẹ̀, àfi tèmi. Ẹ̀yin, tó bá di Mọ́ńdè, ẹ óò padà síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún yín. Èmi, ibi iṣẹ́ mi náà lẹ ti ní kí n wá ṣàánú.”

Mo wo bàbá mi. Ó tẹ orí ba, ó ń wo èékánná rẹ̀ tí íǹkì kò kúrò níbẹ̀. Ìyá mi náà wò ó, ó retí pé yóò sọ nǹkan, kò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn ló bí ìyá mi nínú ju ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Gbádé lọ. Ó pa ìwé àjákọ rẹ̀ dé, ó ní kò burú, pé Morẹ́nikẹ́ yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ́dún yìí. Èmi ni Morẹ́nikẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, tírè omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Gbádé náà wò mí, ojú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò lára mi. Ó ní, “Ó dáa, mà,” ó sì jáde. Láti ọjọ́ kejì, kò tẹ kíbọ́ọ̀dù láàárọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni mò ń gbọ́.

Ìyá mi yá kíbọ́ọ̀dù kékeré kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú pálọ̀, ògiri tó pín wa níyà pẹ̀lú ẹni tó kọ́ mi. Bí mo bá ti iléèwé dé, wákàtí kan gbáko ni mo gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Orin méje ni eré náà ní. Mo mọ mẹ́ta, mo ń ṣi mẹ́rin tẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá ti ṣì í, mo mọ̀ pé ó ń gbọ́. Nígbà mìíràn n óò gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, tó ń jáde lọ, ọkàn mi á sì balẹ̀. Nígbà mìíràn kò ní jáde. Ìyẹn ló burú jù. N óò jókòó, ọwọ́ mi á máa làágùn, n óò máa rò pé ó fi etí lé ògiri. Mo ti gbọ́ tí ìyá mi sọ fún bàbá mi pé kí Gbádé lọ wá ibi tí wọn yóò ti sanwó fún un, bàbá mi sì dá a lóhùn pé ibẹ̀ ṣòro láti rí bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Mo wo ikùn Àǹtí Bọ́sẹ̀ tó ń tóbi sí i lójoojúmọ́, mo sì rò pé oúnjẹ ọmọ inú yẹn ni mo jókòó lé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá Bọ̀dá Gbádé pàdé níbi ẹ̀rọ omi, kò sí ọ̀nà láti sá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó wo àwọn ìka náà, ó ní, “Ìka rẹ ti ń gùn. Má jẹ́ kí àtàǹpàkò máa ṣáájú.” Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ. Àwọn obìnrin méjì tó ń fọṣọ níbẹ̀ rí wa.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kó ìwé ètò eré wálé, ewé ìwé tí wọn kò tíì kàn pọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń kàn án. Ó kìlọ̀ pé kí ọmọdé kankan má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó jáde tán, mo fọwọ́ kàn án. Irin tín-ín-rín kan wọ ẹ̀gbẹ́ èékánná ìka ìfábẹ̀lá mi, mo fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Mo mọ ibi tí sípíríìtì tí a fi ń nu egbò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìyá mi ti kọ́ mi. Mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, èrò kan sì wá sí mi lọ́kàn pé bí ìka yìí bá wú, n kò ní lè tẹ kíbọ́ọ̀dù. Mo padà jókòó. N kò fi nǹkan kan sí i. Mo jẹ́wọ́ eléyìí níbí torí pé àwọn kan láàárín ẹbí wa ṣì ń sọ ìtàn náà bíi pé ọmọdé ló ṣèèṣì.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìka náà fi wú tó àtàǹpàkò méjì. Ó pọ́n, ó ń ta, ọyún gbá jọ sábẹ́ èékánná, ibà sì mú mi. Ìyá mi fẹ́ gbé mi lọ sí kílíníìkì. Kó tó múra tán, Màmá Àgbà ti gbé mi jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó béèrè lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ bóyá mo jẹ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní rárá. Ó yí ọwọ́ mi wò.

“Ta ló fọwọ́ kan ọwọ́ yìí?”

Mo lè sọ pé irin ni. Ẹnu mi tiẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kìlọ̀, ìyá mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ó ń wọ bàtà, ẹ̀rù àwọn méjèèjì sì ń bà mí. Mo wá sọ ohun tó jẹ́ òótọ́. Mo ní, “Bọ̀dá Gbádé.”

Ara Màmá Àgbà le. Mo mọ̀ ọ́n, torí pé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo wà. Ìyá mi sọ láti ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n dákun má bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé egbò lásán ni. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le tó bó ṣe máa ń le, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a ti kílíníìkì dé. Mo ti bi í léèrè nígbà tí mo dàgbà. Ó ní òun kò gbà á gbọ́ níṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí òun sí Gbádé, òun sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa rìn.

Ó rìn lóòótọ́: wọ́n ní Gbádé ti fi oògùn ba ọwọ́ mi jẹ́ nítorí owó. Àwọn obìnrin tó rí wa níbi ẹ̀rọ omi jẹ́rìí sí i pé àwọn rí i tó di ọwọ́ mi mú, tó ń sọ nǹkan sí i wúyẹ́wúyẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ọmọ wọn wọlé bí Bọ̀dá Gbádé bá ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá oníyàrá iwájú kó aṣọ tó gbé fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ rán, ó gbà á padà láìrán. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìka mi nínú báńdéèjì, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá Àgbà ń fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ mi, ó ń sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù, pé ẹnikẹ́ni kò ní rí mi gbé ṣe. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí sí i, torí pé mo rí i lójú rẹ̀ pé òun gan-an ń bẹ̀rù. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Obìnrin yẹn ti sin ọmọ méjì kó tó bí bàbá mi. Ìka ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo rọra jáde lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin mẹ́rin wà níbi ẹ̀rọ omi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ìlà. Ọ̀kan nínú wọn wo bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé tirẹ̀ kúrò. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ku òun nìkan, omi ń dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a gbé e. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, “Morẹ́nikẹ́, ṣé ọwọ́ náà ti ń sàn?” Ohùn tó fi ń pè mí wá jẹ dòdò náà ló fi béèrè. Mo sá wọlé. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ní ọjọ́ kejì, àwọn géńdé kan láti ìgboro yóò wá bá Gbádé sọ̀rọ̀, bí kò bá gbọ́ tẹnu, wọn yóò kó ẹrù rẹ̀ síta fún un. Wọ́n ní kó lọ kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ sínú ilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èmi ni wọ́n rán láti gbé oúnjẹ bàbá mi lọ sí ibi iṣẹ́. Ó dúró ti ẹ̀rọ, ìwé ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé irin tí wọ́n fi ń kan ìwé ló gún mi. Ẹ̀rọ ń pariwo, kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà, gbogbo ilé ìtẹ̀wé sì pa lọ́lọ́. Àwọn ọkùnrin tó kù yíjú sí wa. “Kí lo wí?” Mo wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn sì gbọ́: irin náà, sípíríìtì tí n kò fi sí i, àti ìdí tí n kò fi fi sí i. Mo ń retí ìgbájú. Ó lọ fi kérosíìnì fọ ọwọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó nu ún, ó di ọwọ́ mi tí kò ní báńdéèjì mú, a sì kọjá sí òdìkejì òpópónà. Ní iwájú ilẹ̀kùn tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ó dúró, ó ní kí n kàn án.

Bọ̀dá Gbádé jókòó sórí ilẹ̀, ó ń fi aṣọ wé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àpótí méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyá rẹ pé o ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ̀rù bà mí, sà.”

Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó so etí aṣọ náà pọ̀. “Èmi náà,” ló wí. “Láti ọjọ́ tí mo ti béèrè owó yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí.”

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbàlagbà lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, Bọ̀dá Gbádé sì sáré gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi pe gbogbo ilé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí àwọn géńdé náà dé, òun ló lọ pàdé wọn ní géètì, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì padà. Màmá Àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ẹnu ọ̀nà wa. Kò bú mi. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, n kò sì gbọ́ àdúrà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bọ̀dá Gbádé kó lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi pé òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́ kí ìyàwó òun bímọ sí ibi tí wọ́n ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bariga ló kó lọ.

Wọ́n ṣe eré náà láìsí kíbọ́ọ̀dù. Ìka mi kò tíì jinná, kò sì sẹ́ni mìíràn. Ìyá mi ní àwọn òṣèré yóò fi ẹnu kọ ọ́, yóò sì dára. Mo dúró tì í lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Nígbà tó kan ibi tí ọba ń dá wọlé, tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ló máa ń mú un wọlé, onígbàjámọ̀ náà jáde sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó rìn dé àárín, ó dúró. Èèyàn rò pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ láìmọ̀, títí ó fi ń dùn mí. N kò yẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún ẹgbẹ́ pé láti ìsinsìnyí, olórin yóò máa gbowó, kí a tó san ti àga. Onígbàjámọ̀ béèrè pé àwọn òṣèré ńkọ́. Ìyá mi ní ohun tí òun mọ̀ ni pé àwọn ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni, Gbádé sì ń wá síbẹ̀ síṣẹ́. Onígbàjámọ̀ binú, ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún odidi ọdún kan. Lónìí, èmi náà ń kó àwọn ọ̀dọ́ Bariga jọ ṣe eré orí ìtàgé, ìbéèrè onígbàjámọ̀ náà ṣì ń dà mí láàmú. Mò ń sanwó fún ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí eré orí ìtàgé ni iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe jẹun, n kò rí nǹkan kan san fún un. Bó bá ń wò mí lójú, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Ọjọ́ tí a lọ sí Bariga ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi fẹ́ lọ sọ ìpinnu ẹgbẹ́ fún Bọ̀dá Gbádé fúnra rẹ̀. Màmá Àgbà, tí kò tíì dárúkọ ọkùnrin náà láti ìgbà yẹn, jáde nínú yàrá, ó ti wọ aṣọ, ó ti wé gèlè, ó ní òun ń bá wa lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà lápá rẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì dúró lára Màmá Àgbà. Màmá Àgbà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún, ó ní, “Ìyàwó, mo ṣẹ̀ yín.” Ìyá mi fẹ́ fà á dìde, ó kọ̀.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò sọ pé kò sí wàhálà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, pé ọkọ òun kò ní pẹ́ dé. Nígbà tí Màmá Àgbà jókòó, Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n bá òun gbé e dání kí òun lọ gbé omi kaná. Ó wọ ilé ìdáná lọ, kò wẹ̀yìn. Màmá Àgbà di ọmọ náà mú bí ẹni tí wọ́n gbé ohun tó lè fọ́ fún, kò mì, kò tiẹ̀ gbàdúrà.

Bí a ṣe jókòó báyìí ni Bọ̀dá Gbádé wọlé. Ó rí ìyá mi, ó rí mi, ó sì rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Mo ronú pé yóò já ọmọ náà gbà. Ó wo ilé ìdáná, ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń da omi sínú ìkòkò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá Àgbà.

“Ẹ fi apá gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, Màmá,” ló wí. “Ó fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.”